Ta Ni Ó Ti Ìyá Wa sí Ọwọ́ Gbọ́mú-lé-láńtà?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ìjà ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe àwọn tí kì í kírun ni mo fẹ́ bá jà. Àwa ààfáà ni mo dojú kọ, àti àwọn olóyè mọ́ṣáláṣí, àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo ti mọ̀ pé orí ara mi ni tèmi yóò kọ́kọ́ bà.

Ní Ẹ̀pẹ́, ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń kéwú lọ́dọ̀ mi. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwa tó kúrò ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó ti dé ọjà Olúwo láti ra ẹja tútù. Yóò gbé e délé, yóò dáná igi, èéfín yóò sì bò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Àlàmísì kan ó wá bá mi ní ilé kéwú, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun ṣe àdúrà, nítorí pé àwọn olówó òun ń bọ̀ lọ́la, owó ọ̀sẹ̀ náà kò sì tíì pé. Mo bi í pé olówó wo. Ó ṣàlàyé. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa: "Ìyá wa, haráàmù mà ni. Owó èlé ni ẹ lọ gbà yẹn."

Kò bá mi jiyàn. Ó gbójú sókè, ó ní: "Ààfáà, mo mọ̀. Ẹ ti sọ ọ́ ní wáàsí, mo sì wà níbẹ̀. Ibo ni ẹ wá ní kí n lọ gba èyí tó jẹ́ halálì?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ṣe àdúrà fún un, mo fún un ní N2,000, ó dúpẹ́, ó lọ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mi ò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn fún un, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe wáàsí lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì ní ìdílé lè máa rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ orúkọ náà, gbọ́mú-lé-láńtà. Àwọn obìnrin ọjà ni ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ owó náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí omijé wà nínú rẹ̀ ni: láńtà tí ó ń jó, tí ènìyàn wá gbé ọmú lé, ẹ mọ bí yóò ti rí lára rẹ̀. Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Wọn yóò ní kí àwọn obìnrin kó ara wọn jọ, kí olúkúlùkù dúró fún ẹnì kejì rẹ̀. Wọn kò béèrè ìwé ilẹ̀, wọn kò béèrè ìwé ilé. Ojú ọmọnìkejì ni ohun ìdógò. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án. Bí ọ̀kan kò bá rí tirẹ̀ san, àwọn yòókù kò ní lọ sílé. Wọn yóò jókòó tì í, tàbí kí wọ́n dá owó náà fún un, kí wọ́n sì fi èébú gbà á padà nígbà tí ó bá yá. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ti fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ ní ìṣojú mi ní Sábó, ní Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣírò. Ká ní obìnrin kan yá N100,000, tí wọ́n ní kí ó máa san N5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. N120,000 ni yóò san. Akọ̀wé wọn yóò sọ fún un pé èlé orí rẹ̀ kò ju 20 lọ nínú 100. Irọ́ ni. Láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni ó ti ń dá owó náà padà; nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìdajì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ èlé orí N100,000 ni ó ṣì ń san. Bí a bá da gbogbo ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ tí a pín in dọ́gba, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an kò ju nǹkan bí N52,000 lọ. N20,000 lórí N52,000, láàrin oṣù mẹ́fà tí kò pé! Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yípo ọdún, èlé náà lé ní 80 nínú 100. Bí wọ́n bá sì ti kọ́kọ́ yọ N10,000 sílẹ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù fún un, tí wọ́n pè é ní owó ìfipamọ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja wo ni ó wà nínú ọ̀sà wa tí ó lè mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá, lẹ́yìn owó igi, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọmọ?

Àwọn baba ńlá wa mọ irú nǹkan yìí. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé, ojú owó gan-an kì í sì í dín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni sọgúndogójì dé, ẹni tí í sọ ogún di ogójì. Ìwọ̀fà òde òní kì í lọ sí oko olówó mọ́. Ìdí ààrò ara rẹ̀ ni ó jókòó sí, nínú àgbàlá ara rẹ̀, ó rò pé òwò òun ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àtìní títí di ọjọ́ tí wọn yóò wá gba owó, ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún?

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé oògùn òṣì ni wọ́n pe nǹkan yìí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Muhammad Yunus, olùkọ́ yunifásítì ní Bangladesh, rí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní abúlé Jobra ní ọdún 1976, tí àwọn olówó èlé ti dè mọ́lẹ̀. Gbogbo gbèsè ènìyàn 42 kò ju dọ́là 27 lọ. Ó yọ ọ́ láti inú àpò ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di Grameen Bank ní ọdún 1983. Ayé gbọ́. Ní ọdún 1997, wọ́n ṣe àpéjọ ńlá ní Washington, wọ́n pinnu pé kí irú owó kéékèèké bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ 100 mílíọ̀nù ìdílé tí ó tòṣì jù kí ọdún 2005 tó parí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọdún 2005 náà sọrí rẹ̀. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fún Yunus àti ilé owó rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tún péjọ ní September ọdún 2015, tí wọ́n ka àfojúsùn 17 sílẹ̀ pé àwọn yóò lé òṣì paraku kúrò láyé kí ọdún 2030 tó pé, wọ́n dárúkọ owó kéékèèké yìí lábẹ́ àfojúsùn kìn-ín-ní.

N kò sí lára àwọn tí ń sọ pé ohunkóhun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá, ọ̀tẹ̀ sí Ìsìláàmù ni. Mahbub ul Haq, ọmọ Pakistan, ni ó dá ìwé ìròyìn UNDP nípa ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn sílẹ̀ ní ọdún 1990, òun sì ni ó là wọ́n lójú pé kí wọ́n má fi owó nìkan wọn orílẹ̀-èdè, kí wọ́n wo bí ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń gùn sí àti bí ẹ̀kọ́ wọn ṣe tó pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, Mùsùlùmí ni ó sì sọ ọ́. Ó yẹ kí a máa fi yangàn. Ẹjọ́ mi ni pé oògùn tí kò pa aláìsàn ní ilé ẹni tí ó sè é lè pa á ní ilé ẹlòmíràn, bí èyí tí ń tà á bá ti sọ ọ́ di òwò. Ní ọdún 2010, ní Andhra Pradesh ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn ayáwó lé pokùn so, títí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin láti dá àwọn ayánilówó lẹ́kun. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà jáde, Morocco àti Bosnia wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé owó náà ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ tálákà di ẹni tí ó rí já jẹ bí wọ́n ti ṣèlérí.

Tiwa ní Nàìjíríà kò ṣòro láti kà. Ní ọdún 1987, Better Life dé. Ní ọdún 1989, ìjọba dá People's Bank sílẹ̀, wọ́n fi Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́ ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2000, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé owó mìíràn, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. FEAP dé ní ọdún 1997, ó lọ. NAPEP dé ní ọdún 2001, orúkọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń wọ̀ láti Gáréèjì lọ sí Èbúté ni ó kù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2018, bí ìbò ọdún 2019 ti ń kan ilẹ̀kùn, TraderMoni ń pín N10,000 nínú ọjà. Ní January ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ dá àwọn ètò ìrànwọ́ dúró kí ìwádìí lè wáyé lórí owó wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí ka àwọn òtòṣì ní ọdún 2022, 133 mílíọ̀nù ni wọ́n bá, 63 nínú 100. Kí wọ́n sì tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 May ọdún 2023 nìyẹn o!

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní ìpàdé tí ó ní iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ bi í pé ìjọba wo.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa àwọn gbọ́mú-lé-láńtà pẹ̀lú. Wọ́n ń wá sí ọjà nínú òjò àti nínú oòrùn. Wọ́n mọ orúkọ ìyá ẹlẹ́ja. Wọn kì í sọ fún un pé kí ó lọ mú ẹni tí ó mọ ènìyàn wá. Nínú mọ́ṣáláṣí tiwa ńkọ́? Obìnrin tí ó bá fẹ́ rí alága yóò kọ́kọ́ rí akọ̀wé, akọ̀wé yóò ní kí ó lọ kọ lẹ́tà, lẹ́tà yóò sì sùn sínú àpò agbádá títí Rámádáànì yóò fi dé. Ní Rámádáànì ni a ó wá ké sí i pé kí ó wá gba ìrẹsì kóńgò mẹ́ta, a ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi léèrè, ẹ̀yin tí a jọ jókòó síwájú àwọn àgbà: nínú Súrà at-Taobah, ní ẹsẹ̀ ìkọ́gọ́ta, ẹni mélòó ni Ọlọ́hun kà sílẹ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ sí sàká? Mẹ́jọ ni. Ta ni ẹ̀kẹfà wọn? Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ni, al-gāriimiina. A mọ̀ ọ́n lórí, a ń kà á ní tàfúsírì lọ́dọọdún. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ní àdúgbò wa, mo ti rí sàká tí ó di ìrẹsì, mo ti rí èyí tí ó di ṣúgà, mo ti rí èyí tí ó di kápẹ́ẹ̀tì. N kò tíì rí èyí tí a fi san gbèsè obìnrin ọjà kan. Ìpín ẹ̀kẹfà ti sọnù lọ́wọ́ wa, àwa náà ni a sì ń dúró lórí mínbárì tí a ń fi iná jàhánámà dẹ́rù ba ẹni tí ìpín náà tọ́ sí.

Ẹ tún rántí Hájì Ìdágbére. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa owó èlé ayé àìmọ̀kan rẹ́, orí èlé tí àwọn ènìyàn jẹ Abbas, àbúrò bàbá rẹ̀, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ara rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ti rí ọ̀nà mìíràn gbà: wọ́n ní lárúrà ni, pé ìnira sọ ohun èèwọ̀ di ẹ̀tọ́. N kò bá àwọn obìnrin náà fa ọ̀rọ̀, Ọlọ́hun mọ ìnira wọn. Ṣùgbọ́n lárúrà ẹni tí ebi ń pa nínú aginjù ni a kà nínú ìwé. Ṣé Ìkòròdú ni aginjù? Ẹbí mélòó ni ó ti ta ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbèjú-Lékìí, tí wọ́n ṣí ní May ọdún 2023? Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n ń pín. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye gíráàmù góòlù 85, tí ó pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú ogójì kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ta ni ó lọ bá wọn sọ ọ́? Ọjọ́ tí wọ́n ń pín owó náà, àwa ààfáà wà níbẹ̀ tí a ń ṣe àdúrà kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. A gba tiwa, a sì dákẹ́.

Èyí tí wọ́n máa ń sọ láti fi pa ẹnu mi mọ́ ni pé bí mọ́ṣáláṣí bá yá ènìyàn lówó, kò ní san án, yóò ní owó Ọlọ́hun ni. Obìnrin kan náà yìí ni ó ń gbé owó fún alájọ lójoojúmọ́, ẹni tí kò ní ju káàdì àti bírò lọ. Yóò dá a fún ọjọ́ 31, yóò gba ti ọjọ́ 30, yóò sì dúpẹ́. Ẹgbẹ́ èésú ti wà kí òyìnbó tó dé. Àwọn obìnrin wa mọ bí a ṣe ń san owó. Àwa ọkùnrin tí a ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa. Ní Lahore, ní Pakistan, Amjad Saqib àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Akhuwat ní ọdún 2001 pẹ̀lú rupee 10,000 tí wọ́n yá obìnrin kan. Kárídì hásánà ni, ẹ̀yáwó tí kò ní èlé. Ó dá a padà, wọ́n yá ẹlòmíràn. Inú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ń pín owó náà, lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ń pín in nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù pẹ̀lú. Wọ́n fún Saqib ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní ọdún 2021. Ní Èkó tiwa níbí, Zakat and Sadaqat Foundation ti ń gba sàká, tí wọ́n ń pín in fún àwọn tí ó tọ́ sí, láti ọdún 2000. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.

Àwọn tí ó kàwé nínú ẹgbẹ́ yóò ní ilé owó tí kì í gba èlé ti wà: Jaiz láti ọdún 2012, TAJBank láti ọdún 2019, Lotus láti ọdún 2021. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí aṣọ rẹ̀ ń rùn èéfín ẹja kì í ti ilẹ̀kùn gíláàsì wọlé láti lọ wá N60,000.

Mo ti ní orí ara mi ni òkò yìí yóò kọ́kọ́ bà. Ọdún tí ìyá yẹn wá bá mi ni ọmọ rẹ̀ parí Àlùkùránì. A ṣe wòlímọ̀ fún wọn. Aṣọ kan náà ni àwọn ìyá wọ̀, wọ́n dá owó màlúù, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, olúkúlùkù sì fún ààfáà ní ẹ́nfílóòpù. N15,000 wà nínú tirẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọmọ náà, tí kò mọ ohun tí ó ń sọ, sọ fún mi pé owó tí ìyá òun ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ti wòlímọ̀ òun ni. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ààfáà, ṣé ọmọ mi nìkan ni kò ní ṣe é ni?"

Nítorí náà, èmi tí mo pe owó rẹ̀ ní haráàmù, mo ti jẹ nínú rẹ̀ kí n tó pè é bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún yìí lọ, kò sí aṣọ kan náà, kò sí màlúù, kò sí ẹ́nfílóòpù ní wòlímọ̀ ilé kéwú mi. Àwọn ààfáà méjì ti bá mi bínú, wọ́n ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Ohun tí mo gbé síwájú mọ́ṣáláṣí wa kò le. Kí ìdajì owó ìrẹsì Rámádáànì kúrò nínú ìrẹsì. Kí a kọ́kọ́ fi sàká san gbèsè àwọn tí ọ̀sẹ̀ ti há mọ́ lọ́rùn, kí a sì ya owó sàárà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó tí kò ní èlé. Kí a máa kó o fún wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lójú gbogbo ìjọ. Kí àwọn obìnrin àsàlátù dúró fún ara wọn, ẹni tí ọjà kò bá tà fún, kí a fún un láàyè títí yóò fi rí i san bí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ. Kí Ìyá Àdínì àti obìnrin méjì máa tọ́jú owó náà, kí ó má gba ọwọ́ alága tàbí akapò ọkùnrin kọjá. Ẹ má bínú. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Lémọ́mù gbọ́ mi títí dé òpin, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kí a gbọ́ ti àwọn olóyè ná. Ọjọ́ Àìkú tí ó ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù, ni ìpàdé. Orúkọ obìnrin méje ni mo ti kọ sínú ìwé, ìyá ẹlẹ́ja ni àkọ́kọ́. Ẹ́nfílóòpù tí ó fún mi ṣì wà nílé. Mo ti ná ti inú rẹ̀ tipẹ́, mo ti wá N15,000 mìíràn sí i, òun ni n ó kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì.